Àgbo Ilé Kì í Ṣe Oúnjẹ

Akọ ẹtù kan lẹ́bàá títì Glei lọ́dún náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fàráǹ ni. Bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Lomé bá dúró, tí ẹni tó yọrí lójú fèrèsé bá wọ aṣọ tó dán, mo máa ń pè é ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, màá sì máa wò ó bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. Adìyẹ àti ẹtù ni mo ń tà. Inú abúlé ni mo ti ń rà wọ́n, ẹ̀bá títì ni mo ti ń tà wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹnu mi sì ni èrè tó wà láàárín méjèèjì.

Ibi tí mo ti ń ná ẹtù lábúlé kan lẹ́yìn Datcha ni mo wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá, tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kígbe. Ó fi Ifẹ̀, èdè wa, sọ ọ́, ó fi Ewe tún un sọ, ó fi Faransé parí rẹ̀: àwọn dókítà tó ń rán ètè ọmọ ti padà dé sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n máa lò.

Mo ju ẹtù sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á rò pé ọgbọ́n ọjà ni mo ń lò, ó sáré tẹ̀lé mi, ó ń dín owó rẹ̀ kù bí a ti ń lọ, títí ó fi dé ẹgbẹ̀rún méjì. N kò tíì rí ẹtù olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì ráyè rà á. Ilé àna mi ni mo ń sáré lọ.

Ọmọ mi obìnrin ló wà nílé ọkọ níbẹ̀. Oṣù méje ṣáájú ìgbà yẹn ló bí àkọ́bí rẹ̀, obìnrin. Agbẹ̀bí fi aṣọ bo ojú ọmọ náà kó tó gbé e fún wa, bí ẹni tó fẹ́ ta ẹja àná. Mo ṣí aṣọ náà. Ètè òkè là láti ẹnu títí wọ ihò imú òsì. Nígbà tó lanu ké, mo rí i pé àjà ẹnu pàápàá là. Ẹnu àti imú ti di yàrá kan ṣoṣo. Ọmọ mi ń wo ojú mi láti mọ̀ bóyá kí òun sunkún. Mo ní, “Ohùn rẹ̀ le. Ọlọ́jà ni èyí.” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá sunkún.

Àwọn ará abúlé ní ẹran ehoro ló jẹ nígbà tó lóyún. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó ra ehoro fún un, torí èmi tí mo bí i, n kò rówó ehoro rí. Wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀.

Ojú ọmọ náà kọ́ ló ń kó ìdààmú bá wa, oúnjẹ ni. Kò lè fa ọmú. Ọmọ tí ètè rẹ̀ kò pa dé, tí àjà ẹnu rẹ̀ sì ṣí, kò ní ohun tó máa fi fà á. Wàrà á gba imú jáde, á há a lọ́fun, á sín, ojú á pọ́n. Ọmọ mi á fún ọmú sínú ife, a ó gbé ọmọ jókòó ṣánṣán, a ó máa fi ṣíbí kékeré kán an sí i lẹ́nu díẹ̀ díẹ̀. Kí ó tó jẹ oúnjẹ kan tán, mo lè ta adìyẹ mẹ́ta.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, àwọn dókítà yẹn wá. A gbé e lọ. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n: kílò mẹ́rin àti díẹ̀. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó márùn-ún kí wọ́n tó lè fi oògùn sun ún. Mo fi ìka kan tẹ etí ìwọ̀n náà jẹ́jẹ́, bí a ti ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ mi kúrò, kò tilẹ̀ wo ojú mi, ó ní, “Màmá, kì í ṣe àgbàdo là ń wọ̀n níbí.” A gbé ọmọ padà sílé. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ìgbà táwọn máa tún wá, ó lè tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n wá tún dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni retí wọn. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi fi ẹtù ẹgbẹ̀rún méjì sílẹ̀.

Iṣẹ́ bíríkì ni ọkọ ọmọ mi ń ṣe ní Lomé, ìyá rẹ̀ ló ń pàṣẹ nílé. Ìdílé tó ń bọ nǹkan baba wọn ni. Èmi ń lọ sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n n kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń bọ, kí wọ́n ṣáà ti máa bọ́ ọmọ mi. Mo bá àna mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

“Àna mi, mo wá gba ọmọ.”

“Ẹ fẹ́ gbé e lọ síbo?”

“Síbi tí wọ́n ti ń rán ètè.”

“Ẹ gbọ́ ná, ṣé aṣọ ni?”

“Bí ẹ bá wo apá búbà yín tó ya yẹn, ẹ ó mọ̀ pé rírán nǹkan kì í ṣe ẹ̀gàn.”

Ó wo apá búbà rẹ̀. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì mú un. Ó bó ẹ̀gẹ́ méjì mìíràn kó tó dá mi lóhùn. Ó ní òun ti ronú sí i. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ náà máa jẹun bí ẹni tó ń rì sínú odò títí ayé. Àmọ́ ọmọ ilé náà kì í bọ́ sọ́wọ́ àjèjì láìtọ́ àgbo ilé wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó yọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún gbogbo wọn nìyẹn, fún ẹni tó lọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, fún ẹni tó lọ sí Kòdífúà, fún ọkọ ọmọ mi pàápàá.

Ó bù ú fún mi láti inú ìkòkò igun àgbàlá, ó rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ewé ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kọ tútù pò ó, wọ́n kán epo pupa sí i. Ó ki. Ó ní ṣíbí mẹ́ta.

“Ìyàwó yìí ń bẹ̀rù àwọn aláṣọ funfun, á gbàgbé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ ṣèlérí.”

“Mo ṣèlérí.”

“Ẹ fi ẹtù yín búra.”

“Àna mi, ẹ jẹ́ kí n fi Ọlọ́run búra, ó rọrùn jù.”

Bí mo ṣe gba ọmọ nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn, ta ni mo kọ́kọ́ rí? Nọ́ọ̀sì yẹn ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbọ́ Ifẹ̀ dáadáa. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Màmá oníka.” Nígbà tí ó fẹ́ wọn ọmọ, ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kílò mẹ́fà àti díẹ̀. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọmọ náà, wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ní kò ní ikọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ ìkẹyìn, nọ́ńbà kejì láàárọ̀. Ètè ni wọ́n máa rán lọ́tẹ̀ yìí. Àjà ẹnu máa dúró títí ó fi ju ọmọ ọdún kan lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì náà tò gbogbo wa sórí bẹ́ǹṣì, ó ní láti àárín òru lọ, ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun, kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun. Ó kà á: ọmú, ògì, wàrà agolo, omi. Ó tún un kà ní Ewe. Ó dúró níwájú mi.

“Màmá, ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́. Ètè ló là níbí, etí kọ́.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn bẹ́ǹṣì yẹn púpọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ mi lọ fọ aṣọ nídìí ẹ̀rọ omi. Mo gbé ọmọ jókòó lórí itan mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, mo ṣí ìgò àna mi. Obìnrin oníbúrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, a kí ara wa bí ọlọ́jà ti ń kí ọlọ́jà. Ṣíbí kìíní, ṣíbí kejì, ṣíbí kẹta. Ebi ń pa ọmọ náà, ó gbé e mì dáadáa, èyí tó gba imú jáde kò tó nǹkan. Mo nu ún nù. Inú mi dùn. Àna mi ti gba tirẹ̀, dókítà yóò gba tirẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá mi jà. N kò sọ fún ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ta ló ń ròyìn àgbo?

Ó jọ pé aago mẹ́jọ ti fẹ́ lù nígbà tí wọ́n kó wa wọ yàrá tó ṣáájú ti iṣẹ́ abẹ. Ọmọ kìíní ti wọlé. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ kékeré aláwọ̀ ewé kan fún ọmọ wa, okùn rẹ̀ lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ síta. Ó mú ìwé rẹ̀.

“Ó jẹun?”

“Rárá,” ni ọmọ mi wí.

“Ó mu nǹkan?”

“Kò mu nǹkan kan.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà mi orí. Ọkàn mi mọ́ bí omi.

Ẹnu mi ló kó wa sí i, bóyá òun náà ló kó wa yọ. N kò lè jókòó síbi tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ̀n kí n má sọ̀rọ̀. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, bí ọmọ bá jẹun ńkọ́? Ṣé ọ̀bẹ á máa yọ̀ ni?”

Àwọn ìyá ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti sọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì tún un sọ bí ẹni tó ń ka iye owó ọjà.

“Oògùn tí wọ́n ń fi sun ọmọ máa ń tú gbogbo ara. Ohun tó wà nínú ikùn á gòkè wá sí ọ̀fun. Ẹni tó ń sùn oorun yẹn kò lè húkọ́, kò lè gbé e mì. Á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọmọ lè kú lórí tábìlì, kí ètè rẹ̀ má tíì rán tán.”

Ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, kò rí ibi tó máa gbé e sí.

Mo wo ọmọ náà. Ó ń wo gílóòbù. Mo wo igun ẹnu rẹ̀ bóyá ewé kù níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé ṣíbí mẹ́ta, ṣíbí kékeré, ṣíbí ọmọ. Ó ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Bóyá ó ti bá ìtọ̀ jáde. Àwọn ará ilé àna mi ti ń mu ún láti ìgbà tí àwọn Jámánì ṣì ń ṣe ìjọba ní Kamina, kò pa ìkankan nínú wọn. Mo sì tún sọ fún ara mi pé ọjọ́ ìkẹyìn lèyí. Bí wọ́n bá lé wa, ọmọ yìí yóò ti máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tún dé, ètè lílà ni yóò sì máa fi sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sín in jẹ. Ọmọ mi á tún máa fún ọmú sínú ife. Nínú ọjà, mo ti pa irọ́ tó ju èyí lọ lórí adìyẹ tó ń ṣàìsàn. Ẹnikẹ́ni kò kú níbẹ̀, àfi adìyẹ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n gbé ọmọ kìíní jáde, ojú rẹ̀ wú, ó ń ké. Ẹnì kan nínú yàrá pe nọ́ńbà kejì.

Ọmọ mi dìde. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó gba ọmọ, ó yí ẹ̀yìn padà. Mo di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú.

“Màmá, ẹ fi í sílẹ̀.”

“Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀.”

“Ẹ ń bọ̀ láti ibo? Wọ́n ń dúró dè é.”

“Àgbo ńkọ́?”

“Àgbo wo?”

“Àgbo lásán. Bí ọmọ bá mu àgbo, ṣé ìyẹn náà máa ń gòkè?”

Nọ́ọ̀sì dúró. Kò pariwo. Mo rò pé ó máa pariwo, mo ti múra sílẹ̀ láti dá a lóhùn, àmọ́ ó kàn gbé ọmọ náà padà sọ́wọ́ ọmọ mi, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì wò mí.

“Ẹ fún un ní àgbo.”

“Ṣíbí mẹ́ta.”

“Lónìí?”

“Kí oòrùn tó yọ.”

“Ìyá!” ni ọmọ mi wí. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣì wà létí mi.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì wá pariwo. “Mo bi yín! Lánàá mo sọ fún yín, lónìí mo bi yín! Ẹ ní kò jẹ, kò mu!”

“Kò jẹ, kò mu! Àgbo ni! Ta ló ń pe àgbo ní oúnjẹ?”

“Òótọ́ ni,” ni ìyá kan wí lórí bẹ́ǹṣì, “àgbo kì í ṣe oúnjẹ.”

“Kì í ṣe omi náà,” ni ẹlòmíràn wí. “Bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, n kì í sọ pé ẹ fún mi ní àgbo.”

Ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀yin ńkọ́, ẹ fún un ní àgbo? ẹ̀yin ńkọ́? Obìnrin tó jókòó sí ìparí gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó tọ̀ sára. Òun náà ti fún ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́. Orí bá a ṣe é, ọ̀sán ni wọ́n fi tirẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Dókítà tó ń fi oògùn sun àwọn ọmọ jáde. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ti gbé jígí rẹ̀ sórí iwájú. Ó bá nọ́ọ̀sì sọ Faransé. Wọ́n ní kí n mú ìgò wá. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ojú ṣe bí ẹni tó jẹ ọsàn wẹ́wẹ́.

“Àna mi ló pò ó,” ni mo wí. “Ẹ má wo èmi.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ní ó ki, epo wà nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ ni. Ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí mẹ́jọ. Aago mélòó gan-an lẹ fún un?”

N kò ní aago lọ́wọ́. “Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́.”

“Ilẹ̀ ń mọ́ kì í ṣe aago. Bí ó bá jẹ́ aago márùn-ún àti ààbọ̀, ó ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ aago méje, kò ṣeé ṣe mọ́, torí aago mẹ́rin ni ọkọ̀ wọn ń bọ̀, iṣẹ́ tán, iṣẹ́ kò tán, wọ́n á lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọkọ̀ dé, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ọmọ tuntun.”

“Kò tíì tó aago mẹ́fà. Mo mọ̀.”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí dókítà, ó sọ Faransé, ó fi ìka kan tẹ afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Mo lóye Faransé yẹn dáadáa. Ó ń ròyìn ìwọ̀n fún un. Dókítà wò mí, ó mi orí.

Wọ́n kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n máa gbà á gbọ́? Èmi náà kì í ra ẹtù lọ́wọ́ ẹni tó bá dà bí èmi. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mọ aago. Mo sáré lọ sí géètì.

“Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ dákun, ẹ wá.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wá sọ aago tẹ́ ẹ dé láàárọ̀ yìí.”

“Fún ta?”

“Fún dókítà.”

“Dókítà fẹ́ mọ aago tí mo dé? Ta ló máa ṣọ́ búrẹ́dì mi?”

“Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.”

“Ọlọ́run kì í san owó búrẹ́dì.”

Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á. Ó ń bú mi bí a ti ń lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé mi, torí òun náà fẹ́ rí inú ibẹ̀. Nígbà tó dúró níwájú dókítà, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní kóòtù. Ó ní ọ̀nà Kamina lòun ti ń gba búrẹ́dì, aago márùn-ún ni wọ́n ń gbé e jáde nínú ààrò, alùpùpù zẹ́mì kan náà ló ń gbé òun lójoojúmọ́. Aago márùn-ún àti ààbọ̀ lòun máa ń gbé àtẹ kalẹ̀, torí ìgbà náà ni àwọn nọ́ọ̀sì òru ń jáde, wọn kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

“Bí mo ti gbé e kalẹ̀ ni màmá yìí kí mi. Ó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Mo tilẹ̀ rò ó pé, ẹ wo bó ṣe ń yára, bí ẹni tó ń jalè.”

“Ó tó,” ni mo wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín nígbà tí nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀. Ó gbé jígí sójú, ó wo ìwé, ó fa ìlà kan, ó sì kọ nọ́ńbà wa sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn. Bí àyè bá wà. N kò ṣèlérí.”

Ìdúró yẹn gùn. Ọmọ náà ti ń ké ebi. Ó ń ké, ó ń fi ọwọ́ wá àyà ìyá rẹ̀, wàrà sì ń jò lára ọmọ mi títí iwájú búbà rẹ̀ fi tutù. Mo ní kó gbé e fún mi kí n gbé e rìn. Ó yí ẹ̀yìn sí mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń mi ẹsẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó burú, àwọn ọmọ mẹ́fà ló kù níwájú. Mo ní bí dókítà ṣe ń sáré yẹn, ó dà bí ẹni tó ń hu irun adìyẹ. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ǹṣì tí mo fẹ́ràn ti bẹ̀rù mi.

Wọ́n gbé kẹta wọlé, wọ́n gbé e jáde. Kẹrin. Iná lọ nígbà tí karùn-ún wà nínú, gbogbo wa dìde dúró, títí ẹ̀rọ amúnáwá fi ké lẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè wọlé, wọ́n gbé e jáde, ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀lé e. Ọmọ wa ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, ó kàn ń wò. Ìyẹn burú ju ẹkún lọ.

Ọkọ̀ àwọn dókítà dé ṣáájú aago mẹ́rin. Dírẹ́bà ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àpótí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kó ọ̀kan, ó kó èkejì. Nígbà tó padà wá gbé ẹ̀kẹta, mo ti jókòó lé e lórí.

“Màmá, ẹ dìde.”

“Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ọmọ mi.”

“Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ yẹn.”

“Bẹ́ǹṣì yẹn le. Àpótí tìrẹ rọ̀.”

“Irin ló wà nínú rẹ̀!”

“Ìyẹn ló jẹ́ kó tutù.”

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá arúgbó kúrò lórí àpótí. Ó dúró. Mo jókòó. N kò mọ̀ bóyá jíjókòó mi ṣe nǹkan kan tàbí kò ṣe nǹkan kan. N kò ní nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe, ìdí ló kù. Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, tó ti wọ ìbòmú, tó ní, “Ó dà? Ẹ gbé e wá kíá.”

Ọmọ mi sáré gbé e fún un. Ilẹ̀kùn pa dé.

Àwa méjèèjì ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù ti lọ sí yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Mo dìde lórí àpótí, mo lọ jókòó tì í. Ọmọ mi yíjú sí mi.

“Bí ẹ bá dákẹ́ ńkọ́?”

“Mo fẹ́ dákẹ́.”

“Mo mọ̀. Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ dákẹ́. Mo rò pé ìbẹ̀rù ni.”

Ó gbé orí lé èjìká mi, ó wúwo, òógùn àti wàrà ló ń rùn. A ń gbọ́ ohùn irin nínú yàrá, ohùn àwo, ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo di ẹ̀rín yẹn mú. Mo ní ẹni tí ọmọ ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín dá, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, mo sì wá ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnì kan tún rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ló gbé e jáde. Ètè ọmọ náà wú bí ìgbà tí oyin ta á, okùn dúdú tín-ínrín to láti ẹnu dé imú, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pa dé. Ètè náà pa dé. Wọ́n ti fi páálí àti báńdéèjì di apá rẹ̀ méjèèjì kó má bàa fọwọ́ kan okùn, ó na ọwọ́ gbọọrọ níwájú bí ẹni tó fẹ́ gbá ènìyàn mọ́ra. Ọmọ mi wò ó, ó wò ó. Ó ní, “Kò jọ ọmọ mi.” Ó sunkún. Ọmọ náà gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà ké, ohùn tó há kó tó wọlé ti padà wá.

“Ohùn rẹ̀ le,” ni nọ́ọ̀sì wí. Ó yọ ìbòmú, ó wò mí. “Màmá oníka. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.” Kí n tó jẹ ìyìn náà dáadáa, ó ní, “Bí ẹ bá fún un ní nǹkan kan láìbi mí, màá dì yín lápá bẹ́ẹ̀ náà.”

A lo ọjọ́ méjì sí i níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe máa nu okùn, wọ́n ní ṣíbí ni kí a ṣì máa lò, wọ́n fún wa níwèé láti padà wá fún àjà ẹnu. Wọ́n dá owó ọkọ̀ wa padà pátápátá, àlọ àti àbọ̀. Títí dòní, àna mi ń sọ fún gbogbo Datcha pé àgbo ló ṣe iṣẹ́ náà, dókítà kàn rán an ni. N kò bá a jiyàn. Ó rán apá búbà rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ kò gba owó lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rán ọmọ náà, mo jáde sí géètì láti wá ohun tí ọmọ mi máa jẹ, mo sì bá obìnrin oníbúrẹ́dì tó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, tó ń dúró dè mí.

“Mẹ́rin,” ló wí. “Nígbà tẹ́ ẹ fà mí wọlé, wọ́n gbé búrẹ́dì mẹ́rin lọ. Igba fàráǹ ni ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rin.”

“Igba ni ẹ̀ ń tà á. Èló lẹ rà á?”

“Kí ni ìyẹn kàn yín?”

“Olè kò gbé èrè yín, búrẹ́dì ló gbé. Àádọ́jọ lẹ rà á. Ẹgbẹ̀ta.”

“Ọmọ yín ńkọ́?”

“Ó jáde. Ó yè.”

Ó pàtẹ́wọ́, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí àwọn tó ń kọjá fi dúró. Lẹ́yìn náà ó tún fi ọwọ́ mú ìbàdí.

“Ẹgbẹ̀rin.”

A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti géètì. Mo san ẹgbẹ̀ta àti àádọ́ta fàráǹ.